Ìgbáralé Ọlọ́hun Kò Ní Kí A Má Ṣe Ètò: Ọ̀rọ̀ fún Ẹ̀yin Ọmọ Pólì

 



Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun máa ń bi wá lẹ́yìn ìrun àti lẹ́yìn kéú. Wọ́n á ní: "Ùsítáàsì, yunifásítì la fẹ́, pólì la rí. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà la fẹ́ kọ́ dé òpin. Ṣé a ṣì lè dé ibẹ̀?" Bí a bá bi wọ́n pé ètò wo ni wọ́n ti ṣe, ọ̀pọ̀ nínú wọn á ní, "Ọlọ́hun á ṣe é." Òótọ́ ni pé Ọlọ́hun ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ṣé ohun tí Ọlọ́hun pa láṣẹ fún ẹrú Rẹ̀ ni kó ká ọwọ́ gbera?

Ẹ̀KỌ́ ÀNÁBÌ YŪSUF

Gbogbo wa la mọ ìtàn ọkùnrin tó bi Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun léèrè bóyá kí òun so ràkúnmí òun ni, tàbí kí òun fi í sílẹ̀ láìso kí òun sì gbára lé Ọlọ́hun. Èsì tó gbà ni pé kó so ó ná, kó wá gbára lé Ọlọ́hun. Ìgbáralé kò lé okùn dànù.

Ẹ tún wo Súrà Yūsuf. Ọba Íjíbítì lá àlá pé màlúù méje tó rù jẹ màlúù méje tó sanra. Ànábì Yūsuf túmọ̀ rẹ̀ sí ọdún méje tí oúnjẹ yóò pọ̀, àti ọdún méje tí ọ̀dá yóò dá. Kò dúró lórí ìtumọ̀ nìkan, ó ṣe ètò sí i. Ó ní kí wọ́n máa gbin nǹkan láìsinmi, kí wọ́n fi ohun tí wọ́n bá kórè sílẹ̀ nínú ṣírí rẹ̀, kí wọ́n sì mú ìwọ̀nba tí wọn yóò jẹ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkàn sí i: láti òpin ni Ànábì Ọlọ́hun ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò rẹ̀. Ìyàn tí yóò mú ní ọdún kẹjọ ló fi mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe ní ọdún kìíní. Ohun tí a fẹ́ sọ fún yín lónìí kò ju èyí lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ti pólì dé yunifásítì, ẹnu ọ̀nà yunifásítì ni kó kọ́kọ́ lọ wò, kó tó jókòó sí kíláàsì àkọ́kọ́ ní pólì.

ÌMỌ̀ YÌÍ KÌ Í ṢE ÀJÈJÌ SÍ WA

Àwọn kan ṣì ń sọ pé ìmọ̀ kọ̀ǹpútà jẹ́ ìmọ̀ òyìnbó, pé ọmọ kéú kò ní ohun tó ń wá níbẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé ta ni al-Khwarizmi. Mùsùlùmí ni. Ní Bàgídáàdì ló ti ṣiṣẹ́, ní ayé Kálífà al-Ma'mun, tó jọba láti ọdún 813 sí 833. Orúkọ rẹ̀ ni àwọn ará Yúróòpù yí pa dà tó fi di "algorithm", èyí tí í ṣe ètò ìgbésẹ̀-dé-ìgbésẹ̀ tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́. Láti ara àkọlé ìwé rẹ̀ lórí al-jabr ni "algebra" ti jáde. Apá kan nínú ìwé náà dá lórí bí a ṣe ń pín ogún. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó ti àwọn àlùfáà, tí ẹ ti pín ogún sí ìdá mẹ́fà àti ìdá mẹ́jọ, ẹ ti fi ọwọ́ kan ibi tí ìmọ̀ yìí ti ṣẹ̀ wá.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyangàn. Ìmọ̀ tó jẹ́ pé ètò ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, a kò lè fi àìlétò wọ inú rẹ̀.

Ọ̀NÀ MÉJÌ, ỌDÚN MÁRÙN-ÚN

Pólì kò jìnnà sí wa. Ìjọba àpapọ̀ dá èyí tó wà ní Ẹdẹ sílẹ̀ ní 1992. Ti ìpínlẹ̀ wà ní Ìrèé, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ẹ̀rọ sì wà ní Ẹ̀sà-Òkè. Ọdún méjì, ìyẹn sẹ̀mẹ́sítà mẹ́rin, ni ẹ ó fi gba ND. Lẹ́yìn èyí, ọ̀nà pín sí méjì. Ọ̀nà kìíní ni HND: ọdún kan iṣẹ́ ìrírí, lẹ́yìn náà ọdún méjì ní kíláàsì. Ọ̀nà kejì ni Direct Entry: ẹ ó gba fọ́ọ̀mù JAMB, ẹ ó sì wọ yunifásítì ní ipele 200, ọdún mẹ́ta ni yóò kù.

Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. Méjì àti ẹyọ kan àti méjì jẹ́ márùn-ún. Méjì àti mẹ́ta náà jẹ́ márùn-ún. Ẹni tó bá ti JAMB wọ yunifásítì tààrà yóò lo mẹ́rin. Nítorí náà, bí ètò bá dúró, ọdún kan péré ni ẹ fi pẹ́ ju ẹlẹgbẹ́ yín lọ. Kí ló wá dé tí àwọn kan ń lo ọdún méje tàbí mẹ́jọ? Ẹnu ọ̀nà ni wọn kò wò.

ẸNU Ọ̀NÀ MẸ́TA

Èkíní ni èsì WAEC tàbí NECO. Yunifásítì tó bá fẹ́ gbà yín fún ìmọ̀ kọ̀ǹpútà yóò bèèrè kírẹ́díìtì márùn-ún, tí Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò àti Físíìsì wà nínú wọn, ní ìjókòó kan tàbí méjì. Ẹ̀ka kan ní pólì lè fi èsì tí kò pé tó bẹ́ẹ̀ gbà yín wọlé, ẹ ó sì rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Kò tíì tán. ND tó dára kì í dí àlàfo Físíìsì. Ẹni tí kò bá ní in, kó tún ìdánwò náà ṣe nígbà tó wà ní ọdún kìíní pólì. Kó má dúró di ìgbà tó bá parí, tí fọ́ọ̀mù bá ti jáde.

Ẹ̀kejì ni JAMB fúnra rẹ̀. Láti 2017 ni JAMB ti ń lo ètò CAPS fún ìgbaniwọlé, kò sì ka ìgbàwọlé tó bá gba ẹ̀yìn rẹ̀ sí. Ẹ rí i dájú pé orúkọ yín wà níbẹ̀, kí ẹ sì tẹ ìwé ìgbàwọlé JAMB yín jáde ní ọdún kìíní gan-an, kí ẹ tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá gba ẹ̀yìnkùlé wọ pólì, ẹ̀yìnkùlé náà ni yóò ká a mọ́ lọ́jọ́ Direct Entry.

Ẹ̀kẹta ni CGPA. Ní pólì, 3.50 sókè ni Distinction, 3.00 sí 3.49 ni Upper Credit, 2.50 sí 2.99 ni Lower Credit. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ni kò ní wo ẹni tí kò bá dé Upper Credit. Àwọn kan sì ń gba Lower Credit. Ẹ wo ìwé ìtọ́sọ́nà JAMB fún ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ fẹ́, ìbáà ṣe Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Fountain tí NASFAT dá sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 2007, tàbí Ifẹ̀. Ẹ má ṣe fi ti ilé-ẹ̀kọ́ kan mọ ti ìkejì.

Níbí ni ẹ ti nílò ìkíyèsí jù. Ní Amẹ́ríkà, ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì lè kó kọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ sí yunifásítì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Yunifásítì náà yóò sọ èyí tó gbà àti èyí tí kò gbà. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Odindi ìwé-ẹ̀rí ni wọ́n ń wò lọ́dọ̀ tiwa, àròpọ̀ gbogbo rẹ̀ ló sì ń sọ̀rọ̀. Nítorí náà, sẹ̀mẹ́sítà kìíní kì í kú. Ẹni tó bá ní 2.20 níbẹ̀, bí iye yúnìtì bá dọ́gba, gbọ́dọ̀ máa ní nǹkan bí 3.27 ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó kù kó tó lè pé 3.00. Bó bá ń wá 3.50, àfi kó máa ní 3.93. Ta ló fẹ́ gun irú òkè bẹ́ẹ̀? Ọdún ọ̀pọ̀ ni sẹ̀mẹ́sítà kìíní. Ẹ kó oúnjẹ pa mọ́ nígbà náà.

BÍ A ṢE LÈ TO Ọ̀RỌ̀ NÁÀ

Ní sẹ̀mẹ́sítà kìíní àti ìkejì, ẹ dojú kọ Ìṣirò, nítorí òun ni yóò kọ́kọ́ kí yín káàbọ̀ ní ipele 200. Ẹ máa fi ọwọ́ kọ prógráàmù lójoojúmọ́, bó ṣe díẹ̀. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà lè kọ ọ́ sínú ìwé, kó sì dán an wò lórí fóònù. Ọmọ kéú mọ wàláà: kíkọ àti pípa rẹ́ àti àtúnkọ ló ń mú ẹ̀kọ́ dúró lórí. Ní sẹ̀mẹ́sítà kẹta, ẹ yan yunifásítì méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń bèèrè. Ní ìkẹrin, ẹ ti máa béèrè bí wọ́n ṣe ń fi transcript ránṣẹ́, nítorí fọ́ọ̀mù JAMB kì í dúró de èsì ẹnikẹ́ni.

Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ohun tí kò sí lọ́wọ́ yín. Ní 2022, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì gba oṣù mẹ́jọ. Ẹni tí kò bá ní ohun tí yóò máa kọ́ nírú àkókò bẹ́ẹ̀ yóò gbàgbé èyí tó ti mọ̀.

Ní ti owó, òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2024 dá owó ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́, NELFUND, sílẹ̀ láìsí èlé lórí rẹ̀. Èyí mú ẹrù rìbá kúrò. Ṣùgbọ́n gbèsè ṣì ni gbèsè. Ẹni tó bá yá a, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó ní àníyàn àtisan, nítorí gbèsè wúwo lọ́rùn òkú ju bó ṣe wúwo lọ́rùn alààyè lọ.

Ẹ̀YIN ARÁBÌNRIN WA

Ẹ̀yin ni wọ́n sábà máa ń sọ fún pé, "ND ti tó fún obìnrin, wá lọ ilé ọkọ." Ìgbéyàwó dára, sunnah ni. Ṣùgbọ́n a kọ́ nínú ìtàn Ìsìláàmù pé obìnrin kan, Shifā ọmọ Abdullāh, ló kọ́ Hafsah ìyàwó Ànábì ní ìwé kíkọ. Ilé Ànábì ni Hafsah wà, ìwé kíkọ kò sì ba ilé náà jẹ́. Bí ọkọ bá dé kí ẹ tó parí, ẹ jẹ́ kí ẹ̀kọ́ yín wà nínú ohun tí ẹ jọ fẹnu kò sí kí a tó so yìgì, níṣojú àwọn òbí. Àdéhùn tí kò sọ ẹ̀tọ́ di èèwọ̀, Mùsùlùmí gbọ́dọ̀ mú un ṣẹ. Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ ń kà á, ẹ̀yin náà ni a ń bá wí.

OHUN TÍ YÓÒ BA GBOGBO RẸ̀ JẸ́

Ètò tó dára jù lọ kò ní àlùbáríkà bí irọ́ bá wọ inú rẹ̀. Ní 2023, nítorí ayédèrú èsì, JAMB kó ìforúkọsílẹ̀ Direct Entry kúrò níbi gbogbo, ó sì ní ọ́fíìsì òun nìkan ni kí wọ́n ti máa ṣe é. Àwọn tó ṣe ayédèrú kò pọ̀ tó àwọn tó jìyà rẹ̀. Ẹni tó ra máàkì, ẹni tó san owó kí wọ́n bá a ṣe ìdánwò, fi ilé rẹ̀ lélẹ̀ lórí ìyanrìn ni. Ẹni tó sì kọ́ kọ̀ǹpútà láti fi lu jìbìtì, tó ń pè é ní yahoo, olè ni, bó bá tilẹ̀ ń kí ìrun márùn-ún. Owó náà kò mọ́, hájì tó bá fi ṣe kò ní sọ ọ́ di mímọ́.

Èyí tó tún dùn wá ni ọ̀rọ̀ ìlú méjèèjì yìí. Ìlobùú àti Ìfọ́n fara kan ara. Àwọn tó gbé ara wọn níyàwó kò lóǹkà. Síbẹ̀ ní 2025, ìjà ààlà ilẹ̀ gba ẹ̀mí, ó jó ilé, ó di kí ìjọba ìpínlẹ̀ fi òfin kónílé-ó-gbélé de Ìlobùú, Ìfọ́n-Ọ̀ṣun àti Ẹ̀rín-Ọ̀ṣun. Ọ̀dọ́ ni wọ́n máa ń fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rán. Lọ́jọ́ tí kónílé-ó-gbélé bá wà, ọmọ Ìlobùú tó ní ìdánwò l'Ẹ́dẹ kò lè jáde, ọmọ Ìfọ́n náà kò lè jáde. Ìdánwò kan náà ni wọ́n jọ pàdánù. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé àdá lé yín lọ́wọ́, ẹ rántí ọdún márùn-ún tí ẹ ti kà, kí ẹ dá a pa dà fún un. Ẹ̀yin tí ẹ jọ wà ní kíláàsì kan náà, ẹ jọ máa kàwé pọ̀, kí ẹ máa jẹ́ ẹlẹ́rìí fún ara yín nílé.

Ní ìparí, ẹ mú bébà kan lálẹ́ òní lẹ́yìn ìrun Ìṣáì. Ẹ kọ orúkọ yunifásítì tí ẹ fẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ kọ ohun tó ń bèèrè sókè rẹ̀, kí ẹ máa bọ̀ sókè ní sẹ̀mẹ́sítà-sẹ̀mẹ́sítà títí dé ọ̀la. Ẹ kí ìrun ráká méjì, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ náà lé Ọlọ́hun lọ́wọ́. Nígbà náà ni "Ọlọ́hun á ṣe é" di ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ lẹ́nu yín.

Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ tó ń ṣe ènìyàn láǹfààní kẹ́ wa, kó fi àlùbáríkà sí ìṣẹ́jú wa, kó fi ìfẹ́ sáàárín ìlú wa méjèèjì, kó má jẹ̀ẹ́ kí á kàwé títí ká wá pàdánù níwájú Rẹ̀. Āmīn.