Ìlù Inú Fóònù

Ẹ̀yin ìyá nínú Olúwa, níbi ìgbéyàwó kan ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ní Sátidé, a fi fóònù gba ohùn onídùndún sílẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú a fi jó ìdúpẹ́ ẹgbẹ́, a kò pe onílù. Àṣé oríkì baba ìyàwó ni ìlù ń kì! Fóònù kò mọ ẹni tó ń jó.

Ṣé olè ni a jà? Àwọn kan ní ohùn kì í ṣe ẹrù. Lójú tiwa, gbèsè ni. Láti kékeré ni ọmọ Àyàn ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí. Ní 2007, Debra Klein, ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwé jáde lórí àwọn onílù bàtá ìlú yìí. Àlejò wá kẹ́kọ̀ọ́, àwa onílé ń jó lọ́fẹ̀ẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé a mú owó lọ bá onílù náà. Ó gbà á, ó béèrè àwọn tí a ti fi ohùn náà ránṣẹ́ sí. A kà wọ́n: ènìyàn 17.