INÁ MÉJÌ: Ọ̀RỌ̀ ÌYÀNJÚ LÓRÍ ILÉ ỌTÍ ÀTI ẸRAN SÍSUN

Ẹ̀kọ́ kíkà: Jòhánù 18:15-18 àti 21:1-17



Kò sí ìlú ńlá kan ní ilẹ̀ wa nísisìyí tí ènìyàn lè là kọjá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí òórùn ẹran sísun má ṣe pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà. Èéfín ń rú, orin ń dún, àga kò gba èrò mọ́, àwọn agbáwo sì ń sáré láti ìdí tábìlì kan dé ìdí èkejì. Àwọn kan wá síbẹ̀ láti yọ̀, àwọn mìíràn wá láti gbàgbé ìpọ́njú wọn. Kí a má ṣe tan ara wa jẹ: àwọn ọmọ ìjọ wa wà níbẹ̀, àwọn olùkọ́ wà níbẹ̀, àwọn akọrin pẹ̀lú kò gbẹ́yìn. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó tọ́ kí a fi ìmọ́lẹ̀ Ìhìnrere wo ọ̀ràn yìí, kì í ṣe láti bú ẹnikẹ́ni, bí kò ṣe láti gba ara wa níyànjú.

Ẹran sísun kì í ṣe ohun ibi. Àwọn ará Oǹdó ni a mọ̀ mọ asun, èyí tí í ṣe ẹran ewúrẹ́ tí a fi iná sun, tí a gé wẹ́wẹ́, tí a sì fi ata àti àlùbọ́sà yí. Ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá ni súyà ti wá, ẹran màlúù tí a là pẹlẹbẹ, tí a fi igi gún, tí a sì fi kúlíkúlí lílọ̀, atalẹ̀ àti ata pa lára. Ẹ̀bùn Ọlọ́run ni ẹran, ẹ̀bùn Ọlọ́run sì ni ọgbọ́n tí ó mú un dùn.

Ọtí pẹ̀lú kì í ṣe àlejò láàárín wa. Kí ọkọ̀ òyìnbó tó gúnlẹ̀ ni àwọn baba wa ti ń dá ẹmu; lẹ́yìn náà ni wọ́n ń fi àgbàdo pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Ní oṣù Júnì, ọdún 1949, ni ìgò bíà Star àkọ́kọ́ jáde láti ilé iṣẹ́ ìpọntí ní Èkó. Nígbà tí ìjọba sì fi òfin de ọkà báálì tí ń ti òkè òkun wá, ní ọdún 1988, àwọn apọntí yí padà sí ọkà bàbà àti àgbàdo ilẹ̀ wa. Báyìí ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀, awakọ̀ àti akọ̀wé ṣe ń rí oúnjẹ òòjọ́ wọn nínú iṣẹ́ náà, a kò sì ní kẹ́gàn wọn.

Síbẹ̀ Ìjọ wa kò ṣàì mọ ewu tí ń bẹ níbẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Tugwell, tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1894, bá òwò ọtí líle tí a ń kó wá láti Yúróòpù jà kíkankíkan, títí ìjọba fi gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ ní ọdún 1909 láti wádìí òwò náà. Ìgbìmọ̀ náà kò gbè é. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé kò sí ìwọ̀n ọtí kan tí a lè sọ pé kò ní ewu rárá fún ìlera ara.

Ǹjẹ́ kí ni kí a wí nígbà náà? Ẹ jẹ́ kí a yí ojú wa sí iná méjì tí Jòhánù mímọ́ sọ fún wa. Nínú gbogbo Májẹ̀mú Titun, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí iná ẹ̀yinná jáde, inú ìwé Jòhánù sì ni méjèèjì wà. Ekínní ni iná tí a dá ní àgbàlá olórí àlùfáà. Èkejì ni iná tí Olúwa wa tìkára Rẹ̀ dá ní etí òkun Tìbéríà. Pétérù wà nídìí iná méjèèjì.

Ní àgbàlá náà, òtútù mú, àwọn ẹrú àti àwọn oníṣẹ́ sì dúró, wọ́n ń yáná; Pétérù sì dúró pẹ̀lú wọn. Iná náà kò jẹ̀bi. Ohun rere ni kí ara ènìyàn gbóná nígbà òtútù. Ohun tí ó ba Pétérù jẹ́ ni pé ó fẹ́ kí a ka òun mọ́ àwọn tí ó yí i ká. Kò sí ẹni tí ó nà án, kò sí ẹni tí ó yọ idà sí i. Ìbéèrè lásán ni wọ́n bi í, ó sì sẹ́ Olúwa rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí fún ọ̀pọ̀ nínú wa. A jókòó, a kò lè tẹrí ba kí a dúpẹ́ lórí oúnjẹ, nítorí a ń wo ojú àwọn ẹlẹgbẹ́ wa. Ọtí tí a mu ti tó wa, ara wa kò fẹ́ òmíràn mọ́, ṣùgbọ́n ìtìjú kò jẹ́ kí a kọ̀ ọ́. Kì í ṣe òùngbẹ ni ó mu ìgò kẹta, ìbẹ̀rù ènìyàn ni.

Ṣùgbọ́n ní etí òkun, àwọn ọmọ-ẹ̀yìn tí ó fi gbogbo òru ṣiṣẹ́ gúnlẹ̀, wọ́n sì bá iná, ẹja àti àkàrà. Olúwa tí ó jíǹde kúrò nínú òkú ni ó se oúnjẹ náà. Òun ni ó pè wọ́n wá jẹun, Òun náà sì ni ó fi ọwọ́ Rẹ̀ pín in fún wọn. Lẹ́yìn oúnjẹ ni ó bi Pétérù léèrè ìfẹ́, tí ó sì fi àwọn àgùntàn Rẹ̀ sí ìkáwọ́ rẹ̀. Nídìí iná kan ni Pétérù ti ṣubú, nídìí iná mìíràn ni a sì ti gbé e dìde. Ibikíbi tí a bá jókòó tì láti jẹun, ó yẹ kí a bi ara wa pé, nínú iná méjì yìí, èwo ni èyí jọ? Ohun mẹ́rin ni a ó fi mọ̀ ọ́n.

Ekínní, ẹni tí ń gbé àwo. Nígbà tí èrò bá pọ̀, oúnjẹ a máa pẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí ń gbàdúrà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nínú ilé Ọlọ́run a máa jágbe mọ́ ọmọ ọlọ́mọ nítorí ẹran tí kò tètè jinná. Ọmọ náà ti dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ọ̀sán, ó sì lè jẹ́ pé òun tìkára rẹ̀ kò tí ì fi nǹkan kan ẹnu. Bí Olúwa wa bá gbé oúnjẹ fún ni, a jẹ́ wí pé ẹni tí ń gbé àwo ń ṣe iṣẹ́ tí Kristi ṣe. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Èkejì, àwọn ará ilé. Àwọn baba wa wí pé àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Bí baba bá ń ra ọtí fún gbogbo àwọn tí ó wà ní ìdí tábìlì, tí wọ́n sì ń yìn ín ní ọ̀làwọ́, nígbà tí ìyá àwọn ọmọ rẹ̀ ń wá owó gàrí, tí owó ilé-ìwé kò sì tí ì san, ọ̀làwọ́ ni ó jẹ́ fún àwọn àlejò, ahun ni ó jẹ́ fún àwọn tí Ọlọ́run fi fún un.

Ẹ̀kẹta, arákùnrin aláìlera. Pọ́ọ̀lù mímọ́ kọ́ àwọn ará Kọ́ríńtì pé oúnjẹ kọ́ ni ó mú wa súnmọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n òmìnira wa kò gbọdọ̀ di ohun ìkọ̀sẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀ràn yín ni èyí ní pàtàkì. Ọmọ tí ẹ kọ́ ní ẹ̀kọ́ Bíbélì ní òwúrọ̀ lè kọjá níwájú yín ní alẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó ti bá ìmutípara jà, tí ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́: bí ó bá wà láàárín yín, ohun mímu tí kò ní ọtí nínú ni kí gbogbo yín jọ mu ní ọjọ́ náà. Àdánù kékeré ni fún yín, ìyè ni fún un.

Ẹ̀kẹrin, ọ̀nà ilé. Ìgò ńlá bíà kan gba sẹ́ńtílítà 60; bí agbára rẹ̀ bá jẹ́ márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, sẹ́ńtílítà 3 ògidì ọtí ni ó wọ inú ẹni tí ó mu ún tán. Ata asun kò lè lé e jáde, kọfí tàbí omi tútù kò lè lé e jáde. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń yọ púpọ̀ nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń gba wákàtí púpọ̀. Láti ọdún 1988 tí ìjọba ti dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ni wọ́n ti ń kìlọ̀ fún wa. Ẹni tí ó bá mutí kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀. Òfin ìjọba ni, ṣùgbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, òfin kẹfà Ọlọ́run ni, nítorí ẹ̀mí ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn létí ọ̀nà wà ní ọwọ́ awakọ̀.

Ẹ̀yin ará, wọ́n pe Olúwa wa ní ọ̀jẹun àti ọ̀mùtí nítorí pé ó bá àwọn agbowó-òde jẹun nínú ilé Léfì. Kò sá fún tábìlì ẹlẹ́ṣẹ̀; ṣùgbọ́n kò sí tábìlì kan tí ó jókòó tì tí kò yí padà nípa wíwà Rẹ̀. A kò pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ asun mọ́, tàbí kí ó má bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe fàájì. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí a gbàdúrà níbẹ̀ láìtijú, kí a dìde nígbà tí ó tó, kí a sì rántí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ fún wa àti ẹni tí ń dúró dè wá nílé. Bí Olúwa bá kọjá létí tábìlì wa ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí a lè fún Un ní àga láìní ohun tí a ó kọ́kọ́ fi pamọ́.

Kí Olúwa tí ó bọ́ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Rẹ̀ ní etí òkun kí ó jókòó pẹ̀lú wa níbi gbogbo tí a bá ti ń jẹun, kí ó sì pa wá mọ́ kúrò nídìí iná ìsẹ́ra. Fún Òun, pẹ̀lú Baba àti Ẹ̀mí Mímọ́, ni ògo wà títí láé. Àmín.