Ta Ni À Ń Bá Du Adé?

Gígun kẹ̀kẹ́ ológeere jẹ́ ohun rere. Ó ń fún ọkàn àti ẹsẹ̀ lágbára, kì í sì í ba afẹ́fẹ́ jẹ́. Ìbéèrè tí a fẹ́ jọ yẹ̀ wò ni pé: ǹjẹ́ ohun rere lè di ìpalára nítorí pé a sọ ọ́ di ìdíje?

Ní ọdún 2009 ni áàpù kan tí à ń pè ní Strava bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Fóònù tí ó wà lápò ẹni tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ yóò máa gba àmì láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì, yóò sì ṣírò ibi tí ó gbà àti bí ó ti yára tó. Àwọn tí ń lò ó a máa pín ọ̀nà sí abala-abala. Ọkùnrin tí ó bá yára jù lọ ní abala kan ni wọ́n ń pè ní Ọba Orí Òkè. Wọ́n ní ayaba pẹ̀lú. Bí ẹlòmíràn bá fi ìṣẹ́jú àáyá kan péré ta á yọ, adé ti bọ́ nìyẹn, áàpù náà yóò sì ránṣẹ́ sọ fún un.

Ní ọdún 2010, ní ìlú Berkeley ní California, ọkùnrin kan gbọ́ pé wọ́n ti gba ipò òun ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kan. Ó padà lọ láti gbà á. Ibẹ̀ ni ó ti tẹ bíréèkì lójijì nítorí ọkọ̀, ó ṣubú, ó sì kú. Àwọn ẹbí rẹ̀ pe iléeṣẹ́ náà lẹ́jọ́ ní 2012, ṣùgbọ́n ní 2013 ilé ẹjọ́ dá ẹjọ́ náà nù, pé ewu wà nínú gígun kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀, ẹni tí ó sì gùn ún ti fara mọ́ ọn.

Àwọn kan yóò ní, àgbàlagbà ni, òun ni ó yàn án. Ó dára. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta ọdún 2012, ní San Francisco, ẹni tí ó fi áàpù yìí kan náà ka eré rẹ̀ kọlu bàbá ẹni ọdún 71 kan tí ó ń fi ẹsẹ̀ kọjá ní títì. Bàbá náà kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ní 2013, ẹni tí ó kọlù ú gbà pé òun jẹ̀bi. Bàbá yìí kò du adé kankan.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ìdíje fúnra rẹ̀ kì í ṣe ibi. Nígbà tí àwọn ọmọ iléèwé bá ń sáré, a ti fa ìlà, adájọ́ wà níbẹ̀, gbogbo ẹni tí ó tò sórí ìlà ni ó mọ ohun tí ó bá wá. Ojú títì kò rí bẹ́ẹ̀. Arúgbó tí ó ń fi ọ̀pá rìn àti ìyá tí ó fa ọmọ lọ́wọ́ wà láàrin eré tí ẹnikẹ́ni kò pè wọ́n sí. Bí ẹni tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ bá dúró fún wọn, aago abala náà kò ní dúró dè é. Sùúrù tí ó yẹ kí a yìn ti di àdánù.

Ó tún ń pa ẹni tí ń gùn ún lára. Ọjọ́ ìsinmi a dà bí ọjọ́ ìfàsẹ́yìn lójú rẹ̀. Eré ìdárayá a di iṣẹ́ àṣekúdórógbó. Àwọn àgbà ní, àṣejù, baba àṣetẹ́.

Òótọ́ ni pé ìdíje ń jí ọ̀lẹ dìde. Ṣùgbọ́n ènìyàn lè fi tòní wé tàná ara rẹ̀. Áàpù yìí gba ènìyàn láàyè láti fi ìrìn rẹ̀ pamọ́ kúrò lójú ayé, ó sì gbà kí a fẹjọ́ abala ọ̀nà tí ó léwu sùn, kí wọ́n má ṣe fi àtòjọ àwọn tí ó yára jù hàn níbẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, bí ọmọ yín bá fi adé rẹ̀ hàn yín lórí fóònù, ẹ bá a yọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í léèrè àwọn tí ó bá pàdé lọ́nà, àti bí ó ti ṣe kọjá lára wọn.