Ọmọlúàbí àti Àtẹ̀jíṣẹ́ Àìbéèrè

Àtẹ̀jíṣẹ́ àìbéèrè ni ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà láìgba àṣẹ wọn, ì báà jẹ́ lórí ìwé, ní ímeèlì tàbí lórí fóònù. Èyí tí a sábà máa ń kà sí àkọ́kọ́ lórí kọ̀ǹpútà ni ìpolówó tí Gary Thuerk fi ránṣẹ́ sí nǹkan bí 400 ènìyàn ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún ọdún 1978.

Ní Adja-Ouèrè, ní ẹ̀ka Plateau ní Benin, láàárín àwọn Nàgó àti Ọ̀họ̀rí, lẹ́tà kì í sábà dé ẹnu ọ̀nà ilé. Àpótí ilé ìfìwéránṣẹ́ ni wọ́n ń kó o sí, ìwọ̀nba ènìyàn ló sì ní àpótí. Ìwé tí kò wúlò mọ́ tún máa ń ríṣẹ́ ṣe lọ́jà, wọ́n ń fi di ẹ̀pà àti àkàrà. Orí fóònù ni ọ̀rọ̀ àìbéèrè ń gbà dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ tó wà lóko àgbàdo ní Massè àti ìyá tó ń tajà ní Ikpinlè: ẹ̀bùn tẹ́tẹ́ tí wọn kò ta, iṣẹ́ òkè òkun, owó tí wọ́n ní ó ṣèèṣì wọlé, àdúrà tí a gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́wàá kí ibi má baà dé.

Yorùbá ti ní ìlànà fún iṣẹ́ rírán kí fóònù tó dé. Ẹni tó gba àrokò owó ẹyọ mẹ́fà mọ̀ pé ọkàn ẹni tó fi ránṣẹ́ ń fà sí òun, nítorí ẹ̀fà àti fífà. Ẹni kan ṣoṣo ló ni àrokò náà, ẹni tó rù ú kì í tú u wò. Òwe sì sọ pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ: ìránṣẹ́ gbọ́dọ̀ lo làákàyè tirẹ̀. Ẹni tó bá tari irọ́ síwájú lórí fóònù ti di ìránṣẹ́ onírọ́. Àjèjì tó kọ́kọ́ kọ ọ́ kò ní orúkọ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n àna tàbí ẹ̀gbọ́n tó tari rẹ̀ ní, orúkọ náà sì ni olùgbà gbà gbọ́. Ẹ̀bi ẹni tó tari rẹ̀ kò kéré.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó ń kàwé fún àgbà wúwo jùyẹn lọ. Èdè Faransé ni ọ̀pọ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ náà máa ń wà, bàbá àgbà tí kò gbọ́ ọ a sì gbé fóònù fún ọmọ-ọmọ rẹ̀. Nígbà mìíràn ọmọ yìí mọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ owó orí fóònù bàbá. Ọmọlúàbí nínú wọn a ka ohun tó wà níbẹ̀ gan-an, a sọ ọ́ bí ó bá mú ìfura dání, kò sì ní sọ nọ́ńbà náà fún ẹnikẹ́ni.

Kíkó nọ́ńbà tàbí ọ̀rọ̀ àìbéèrè jọ náà ní oríṣi méjì. Ẹni tó ń ṣa nọ́ńbà àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lórí WhatsApp kó lè tà á ń ta ohun tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀. Òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 2018 ní Benin dáàbò bo irú ìsọfúnni bẹ́ẹ̀, àjọ APDP ló sì ń bójú tó o. Oríṣi kejì yẹ fún ìyìn. Ní ọdún 2002, onímọ̀ kọ̀ǹpútà Paul Graham fi hàn pé bí kọ̀ǹpútà bá ka ọ̀rọ̀ inú ímeèlì àìbéèrè tí a kó jọ, tó sì fi wé ti gidi, yóò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní 2004, ètò Project Honey Pot bẹ̀rẹ̀ sí í fi àdírẹ́sì pańpẹ́ mú àwọn tó ń ṣa àdírẹ́sì kiri.

Ìtìjú máa ń mú kí ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì yára pa àtẹ̀jíṣẹ́ náà rẹ́. Kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ó tọ́jú rẹ̀ kó sì gbé e lọ fún ọlọ́pàá, torí nọ́ńbà àti ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ ni wọn yóò fi wá ọ̀daràn náà.