Ohun Tí A Bá Fẹ̀sọ̀ Mú

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ó bá hard disk tó ń kú lọ mu gan-an. Ní Ìtapàjí ní Èkìtì, bí i ti Ìkọ̀lé àti Ọ̀yẹ́, inú hard disk ni fídíò ìsìnkú òbí wà, inú rẹ̀ ni fọ́tò ìkómọjáde wà, inú rẹ̀ náà ni iṣẹ́ àṣejáde àwọn ọmọ FUOYE, Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti Ọ̀yẹ́, tó wà ní ọgbà Ìkọ̀lé wà. A lè ra disk mìíràn lọ́jà. Ta ni yóò ta ohùn bàbá tó ti kú fún wa?

Nínú hard disk, àwo pẹlẹbẹ kan ń dán bíi jígí, ó ń yí ní ìgbà 5,400 tàbí 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan. Orí tó ń kà á kì í fara kàn án. Òkè rẹ̀ ló ń léfòó sí, àlàfo tó sì wà láàárín wọn kò gba ekuru. Ìdí nìyí tó fi ń dùn mí tí mo bá rí ẹni tó tú u lórí tábìlì ṣọ́ọ̀bù láti wo ohun tó ń ṣe é. Ìdí nìyí náà tí kò fi yẹ ká gbé laptop tí a kò pa sínú àpò, ká gun ọ̀kadà láti Ìtapàjí lọ sí Ìkọ̀lé. Ẹ pa á pátápátá ná.

Igi gańgań má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó wá. Disk máa ń kọ àìsàn ara rẹ̀ sílẹ̀, SMART ni wọ́n ń pè é. Ètò kọ̀ǹpútà bíi CrystalDiskInfo tàbí smartctl yóò kà á fún wa. Ìlà 5 ni ibi tó ti bàjẹ́ tí disk sì ti fi òmíràn rọ́pò. Ìlà 197 ni ibi tí kò rí kà, tí kò tíì mọ ohun tí yóò fi ṣe. Bí 197 bá ń pọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ 199 nìkan ló ń gòkè, ẹ pààrọ̀ wáyà tó so disk mọ́ kọ̀ǹpútà kí ẹ tó máa sunkún. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé SMART nìkan: lọ́dún 2007, Google yẹ disk tó lé ní 100,000 wò, nínú àwọn tó kú, èyí tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta ni SMART kò kìlọ̀ nípa wọn rárá. Ẹ fi etí náà sí i. Bó bá ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀.

Ká kọ́kọ́ lé akátá jìnnà ná, ká tó wá fàbọ̀ bá adìyẹ. Kíkó ohun inú rẹ̀ jáde ló ṣáájú àtúnṣe. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣe chkdsk /f, ètò àtúnṣe ti Windows, ń kọ nǹkan lé aláìsàn lórí. Disk mìíràn tó tóbi tó o, tàbí tó jù ú lọ, ni ká wá, ká fi ètò ddrescue dà á kọ. Ibi tó rọrùn ló máa ń kọ́kọ́ kó, á fo ibi tó le, á sì padà síbẹ̀ níkẹyìn. Bí a bá dárúkọ fáìlì kan fún un, yóò máa kọ ibi tó dé sínú rẹ̀; bí wọ́n bá mú iná lọ, ibẹ̀ náà ni yóò ti tẹ̀síwájú. Síbẹ̀, inverter ló dáa jù, torí gbogbo ìgbà tí aláìsàn bá tún dìde ni ewu wà. Lára ẹ̀dà yẹn ni TestDisk àti PhotoRec, àwọn ètò tó ń wá fáìlì tó sọnù, yóò ti ṣiṣẹ́, kì í ṣe lára disk gan-an. PhotoRec kì í dá orúkọ fáìlì padà. Ẹ sọ fún oní-nǹkan ṣáájú.

Èyí tó ń dún kẹ́, kẹ́, kì í ṣe iṣẹ́ ddrescue, kì í sì í ṣe iṣẹ́ fìríìsà tí àwọn kan máa ń gbé e sí, nítorí omi ni fìríìsà máa ń kó bá a. Ibi tí wọ́n ní yàrá tí ekuru kì í wọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ìyá tó ni disk lè ní, “Ọmọ mi, ṣáà tún un tàn lẹ́ẹ̀kan sí i.” Ó le láti dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ẹ dá a lóhùn: “Ẹ má bínú, mà, títàn yẹn gan-an ló máa pa á.”

Bí ohun inú rẹ̀ bá sì jáde láyọ̀, ibi méjì ni kó wà: ọ̀kan nílé, ọ̀kan lọ́wọ́ ọmọ tó ń gbé ní Adó.