Ìpín Ọ̀gá, Ìpín Agbábọ́ọ̀lù

"Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé." Ẹni tó bá yára gbọ́ òwe yìí lè rò pé ó ń lé àgbà nídìí àwo ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àgbà ló ni ẹran ńlá, kò sẹ́ni tó ń bá a dù ú. Ọmọ tó dúró dè é ni òwe ń wò: òun ni yóò gbé ẹrù, ohun tó bá sì kù sílẹ̀ fún un ló ń mú kó wù ú láti gbé e. Àgbà tó jẹ gbogbo rẹ̀ tán lè má rú òfin kankan. Ọ̀wọ̀ tí wọ́n fi ń sìn ín ló jẹ tán.

Àwọn ọ̀gá kan ní FIFA, àjọ bọ́ọ̀lù àgbáyé, kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ní 2016, àwọn agbẹjọ́rò àjọ náà fi hàn pé láàárín ọdún márùn-ún, Sepp Blatter, Jérôme Valcke àti Markus Kattner gba àfikún owó oṣù àti ajẹmọ́nú tó lé ní mílíọ̀nù 79 fráǹkì Switzerland. Ní 2021, ìgbìmọ̀ ìwà ọmọlúàbí FIFA fòfin de Blatter àti Valcke fún ọdún mẹ́fà àti oṣù mẹ́jọ, ó sì bu owó ìtanràn lé wọn.

Nílé wa ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ náà gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí owó ìlú wà nínú ohun tí NFF, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù wa, ń ná. Ní 2014, nítorí ajẹmọ́nú, Super Eagles, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ọkùnrin wa, kọ ìgbaradì ní Brazil kí wọ́n tó kojú France. Ní 2016, Super Falcons, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin wa, gba ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Cameroon, síbẹ̀ wọ́n fẹ̀hónú hàn dé iwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin l'Ábùjá kí wọ́n tó rówó wọn gbà. Ní oṣù kọkànlá 2025, Super Eagles tún kọ ìgbaradì ní Morocco nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n bá Gabon gbá. Ọmọ ti sọ igbá kalẹ̀.

Àlàyé tí a sábà ń gbọ́ ni pé owó ìjọba ló pẹ́. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí owó bá pẹ́, ọ̀gá ló yẹ kó kọ́kọ́ fara da ebi.

Àwọn kan ní bí a bá fi gbèdéke sí owó ọ̀gá, àwọn tó mọṣẹ́ yóò sá lọ. Mo gbà pé ọ̀gá tó mọṣẹ́ yẹ kó gbowó gidi. Àmọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ ni kó gba ajẹmọ́nú lé lórí: ìṣirò owó tó mọ́, owó agbábọ́ọ̀lù tó dé lásìkò, pápá tí àwọn ọ̀dọ́ rí lò. Góòlù tí ẹlòmíì gbá wọlé kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Kí aráàlú mọ iye tó ń gbà, kí ẹni tí kò ní í pín níbẹ̀ buwọ́ lù ú, kí ó sì gba tirẹ̀ lẹ́yìn tí tàwọn agbábọ́ọ̀lù bá ti pé. Ẹni tó bá ka èyí sí ìyà kò yẹ nípò tí owó ìlú ń bọ́.