Ìdájọ́ Ìparí Ọdún Ẹ̀kọ́ ní Èjìgbò

Ní àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Èjìgbò àti àwọn ìlú agbègbè rẹ̀, bí Ifẹ̀-Ọ̀dàn àti Ìlawọ̀, oṣù Kẹsàn-án ni ọdún ẹ̀kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀, oṣù Keje ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ó sì máa ń parí, nígbà tí ìdánwò sáà kẹta bá ti kọjá tí a sì fi ìwé èsì lé ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́. Ìṣirò àti ìwé kíkà ti dópin nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan kù tí kò sí nínú ìlànà ẹ̀kọ́ kankan, èyí tí ọmọ ọdún méje ń kọ́ bí ó ti ń gba ìwé náà: ọ̀nà tí àwọn àgbà ń gbà dá ènìyàn lẹ́jọ́.

Ipò ni ọ̀pọ̀ òbí kọ́kọ́ ń wò nínú ìwé èsì, ìyẹn ni nọ́ńbà tí ó ń sọ iye ọmọ tí ó ṣe dáadáa ju ọmọ tiwọn lọ. Àbùkù ipò ni pé, bí gbogbo kíláàsì tilẹ̀ mọ iṣẹ́ náà dunjú, ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbẹ̀yìn, nítorí náà ọmọ ń kọ́ pé ìmọ̀ jẹ́ ohun tí a kì í ní àfi bí ẹlòmíràn bá ṣe aláìní rẹ̀. Láti ọdún 1977 ni Ìlànà Ẹ̀kọ́ ti Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti fẹ́ kí àyẹ̀wò máa lọ jálẹ̀ ọdún, kí ó má dá lé ìdánwò ìparí nìkan, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí Èjìgbò wà nínú rẹ̀, lábẹ́ Gómìnà Rauf Aregbesola (2010–2018) sì tún ètò kíláàsì tò, síbẹ̀ ipò kò kúrò níbi tí ó wà. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, ìwé kan náà tún ń fi àmì wọn ìwà, bí ìmọ́tótó àti òtítọ́ sísọ. Èyí ṣòro láti gbà, nítorí nínú ìtàn Ifá tí onímọ̀ Ifá, Wándé Abímbọ́lá, ṣàlàyé nínú iṣẹ́ rẹ̀ ti ọdún 1975 lórí ìwàpẹ̀lẹ́, Ìwà jẹ́ aya Ọ̀rúnmìlà, ó kúrò lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀, ọkọ náà sì ní láti wá a kiri. Ohun tí ó lè lọ kí ó sì tún padà kò ṣeé fi àmì kan parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ilé kéú, níbi tí àwọn ọmọ ti ń kọ́ Kùránì, kì í fi ipò dájọ́ bẹ́ẹ̀. Níbi wọ́límọ̀, tí í ṣe ayẹyẹ ọmọ tí ó ka Kùránì parí, ọmọ kọ̀ọ̀kan ń ka apá tirẹ̀ sí etí ìgbọ́ ẹbí àti ará àdúgbò, kò sì sí ẹni tí ń béèrè ta ni ó ṣe ipò kìn-ín-ní.

Ṣùgbọ́n inú ọdún Ògìyán, òrìṣà ìlú fúnra rẹ̀, ni èrò tí ó jinlẹ̀ jù lórí ìdájọ́ wà. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn tí Pierre Verger, onímọ̀ nípa àwọn òrìṣà Yorùbá, kọ sílẹ̀, babaláwo kan tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ ọba padà wá sí Èjìgbò lẹ́yìn ìrìn-àjò, ó sì fi orúkọ ọjẹ-iyán béèrè ọba bí wọ́n ti jọ máa ń ṣe. Àwọn ẹ̀ṣọ́ rò pé àfojúdi ni, wọ́n nà án, wọ́n sì jù ú sí ẹ̀wọ̀n. Òjò kọ̀ láti rọ̀, àwọn obìnrin kò sì rí ọmọ bí, títí ọba fi mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ tí ó sì tú u sílẹ̀. Ẹni tí a ṣẹ̀ dárí jì wọ́n, ṣùgbọ́n ó là á sílẹ̀ pé lọ́dọọdún, nínú ọdún Ògìyán, ni àwọn ará apá méjèèjì ìlú yóò máa na ara wọn ní pàṣán. Ohun tí ó yẹ kí a dúró lé nínú ìtàn yìí ni pé àwọn tí ó dájọ́ ni ó ń jẹ pàṣán, kì í ṣe àwọn ẹ̀ṣọ́ nìkan bí kò ṣe apá méjèèjì ìlú, bí ẹni pé ìdájọ́ òdì kan ti di gbèsè gbogbo ènìyàn. Ní ilé-ìwé, ọmọ nìkan ni a ń wọ̀n. Kò sí ibi tí a ti ń kọ àmì ìjọba tí kò pèsè ìwé, ti òbí tí kò béèrè ohun tí ọmọ kọ́, tàbí ti olùkọ́ tí ó pa iṣẹ́ jẹ, síbẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ wọn wà nínú ipò tí ọmọ náà gbé lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ yìí le sí i ní Èjìgbò, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú náà ni ó ń ṣòwò ní Abidjan àti káàkiri Côte d'Ivoire, tí àwọn ìyá àgbà sì ń tọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ ìwé èsì. Bí ìyá àgbà kò bá gbọ́ ọ, ọmọ tí a dá lẹ́jọ́ ni yóò túmọ̀ ìdájọ́ náà fún un. Ní ọdún 1970, onímọ̀ ẹ̀kọ́ Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò Ifẹ̀ ní ilé-ìwé St. Stephen's 'A' ní Mọ̀dákẹ́kẹ́, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, nítorí náà kò sí ìdí tí olùkọ́ kò fi lè kọ gbólóhùn méjì ní Yorùbá sí ìsàlẹ̀ ìwé náà: ọ̀kan lórí ohun tí ọmọ mọ̀ báyìí tí kò mọ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, èkejì lórí ohun tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ kò tíì rí kọ́ ọ.